Ó Jó Mọ́jú, Ó Tún Dìde Ka Bíbélì

Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ọmọ ẹni tí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí jẹ́. Ọmọ èèyàn gidi ni: bàbá ẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ìyá ẹ̀ kì í sì í fi ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá ṣeré. Ohun tí wọ́n wá bá mi sọ ni pé ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé Kérésìmesì, nígbà tó dìde láti ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí ní Kàbà, ohùn ẹ̀ ti kẹ̀ pátápátá. Àwọn ìyá tó wà níwájú ń mi orí, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ọyẹ́ ọdún yìí le. Ọyẹ́ kẹ̀! Òde òru tí àwọn ọmọ tó ti Àbújá wálé ọdún ṣe ní pápá ló ti ń bọ̀. Wọ́n ní gìtá kan wà níbẹ̀ tó ń han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so lẹ́sẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni ẹni tó ń lọ pọn omi rí i tó ń wọlé, bàtà lọ́wọ́. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́sàn-án, ó ti wọ aṣọ funfun.

Kò kàn mí o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ká ní èmi ni mò ń yan ẹ̀kọ́, Ẹ́kísódù 32 ni ǹ bá fún un kà. Ibẹ̀ ni Jóṣúà ti gbọ́ ariwo láti ibùdó, tó rò pé ogun ló dé, tí Mósè, tí etí ẹ̀ ti gbọ́ nǹkan, sọ fún un pé orin ni. Gbogbo àwa tí ilé wa ò jìnnà sí pápá yẹn mọ̀ pé a ò lè bá Jóṣúà wí. Ariwo tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń ti Ọ̀bájànà bọ̀ ti mọ́ wa lára, a máa ń sùn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Lóru ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fojú kan oorun.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ yìí ò ní ẹsẹ Bíbélì tiwọn. Wọ́n ní i dáadáa! Bí ẹ bá ti la ẹnu báyìí, Dáfídì ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, pé ó jó níwájú àpótí ẹ̀rí títí ojú fi ti ìyàwó ẹ̀. Sáàmù 150 ló máa tẹ̀ lé e, pẹ̀lú gbogbo aro tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wo ojú ìyá àgbàlagbà, ó pè é ní Míkálì! Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù, tó yọjú lójú fèrèsé tó sì kẹ́gàn ọkọ ẹ̀. Ó dáa, a gbà, a wà lójú fèrèsé. Àmọ́ ṣé iwájú àpótí ẹ̀rí ni DJ gbé ẹ̀rọ ẹ̀ sí ni?

Wọ́n kúkú ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá. Ìyá Ìjọ bi í léèrè bóyá ó tiẹ̀ ń ka Bíbélì nílé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe: ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, "Okun o, Ìyá," ó sì yọ ìwé kan nínú báàgì. Ojúmọ́ kan ò mọ́ kó má kọ ẹsẹ tó kà síbẹ̀, ohun tó yé e, àti èyí tí kò yé e. Ìwé Jóòbù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní bí Jóòbù ṣe ń lọgun sí Ọlọ́run náà ni àwọn olórin aláriwo yẹn ṣe ń lọgun, pé ẹni tí nǹkan dùn dé egungun kì í rọra sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i pé ó láyà! Ó wá fi ọ̀wọ̀ bi àwọn ìyá pé orí wo ni òun kà fún wọn ní Sọ́ńdè yẹn. Wọ́n ní ilé pa rọ́rọ́. Ohùn tó kẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó kà. Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ orin àti ṣọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nígbà tí Titcombe, òyìnbó míṣọ́nárì ẹgbẹ́ SIM tó ti Kánádà wá, dé Ẹ̀gbẹ́ nílẹ̀ Yàgbà ní 1908, kò gbé sípíkà dání. Àwọn Kátólíìkì náà, Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì, àfìgbà tí ìpàdé Vatican Kejì parí ní 1965 tí ìlù wá rí ọ̀nà wọlé. Àwọn àgbà kan ní ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Èmi ní ó ti ṣí ṣáájú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ó kọ orin tó lé ní 40 sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ẹni Ọlọ́run. Ọmọ ọmọ ẹ̀ wá ńkọ́? Fẹlá ni! Ní 1973, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Ofege gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Try and Love jáde, gìtá gbígbóná láti òkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé St. Gregory's ní Èkó ni wọ́n ṣì wà. Ilé ìwé Fadá, ẹ jọ̀ọ́!

Ebenezer Obey ní tiẹ̀ fi jùjú sílẹ̀ ní 1992, ó di ajíhìnrere. Sonny Okosun náà yí padà, ó gbé Songs of Praise jáde ní 1994. A mọ ibi tí wọ́n dúró. I. K. Dairo, tó gba oyè MBE ní 1963, ń kọ jùjú fún àríyá, ó sì tún jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. N ò mọ ibi tí màá fi ìyẹn sí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa bá mi bò o. Láti 2006 ni House on the Rock ti ń kó èrò jọ sí Tafawa Balewa Square ní Èkó ní oṣù Kejìlá fún The Experience, alẹ́ mọ́jú, pẹ̀lú iná aláràbarà àti gìtá, ìjọsìn ni wọ́n sì ń pè é. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe àwọn yẹn sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá. Níbí náà, ẹ wo ọkùnrin tó ń yá wa ní sípíkà. Tó bá di Fúráìdè, ìṣọ́ òru ló gbé e lọ, Sátidé, òde àwọn ọmọ, Sọ́ńdè, ìdúpẹ́. Wọ́n ní kì í tú wáyà mọ́. Iye kan náà ló ń gbà, àfi pé àwọn ọmọ òde ń san tiwọn kí ilẹ̀ tó mọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì sì máa ń di "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìgbìmọ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ nípa ìkórè ọdún yìí. Sípíkà mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́, àwọn gàgàrà yẹn. Mo wá bi í léèrè, mélòó ló gbé lọ sí pápá lóru ọjọ́ yẹn?

"Mẹ́rin ni, Mọ́mì."