Ó Ní Iwe, Kò Ní Ìwé

Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìbéèrè dá ẹrù lágara bí èbúté Apapa. Kọ̀ńténà oúnjẹ kan ṣoṣo, kó tó jáde sí Wharf Road, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé báńkì, ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé aṣọ́bodè, ìwé NAFDAC, àti àwọn ìwé mìíràn tí kò ṣeé dárúkọ nínú ìwé ìròyìn. Ta ló bí ọ? Ìlú wo lo ti wá? Ọjọ́ wo lo wọ ọkọ̀? Àlìkámà tí wọ́n ń kó láti òkè òkun wá fún Flour Mills of Nigeria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, kò lè sọ̀ kalẹ̀ láìdáhùn.

Ẹ wá sọdá títì. Ẹ gba Boundary wọ Ajegunle, tàbí kí ẹ yà sí ọ̀kan nínú àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Apapa tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́yẹ́. Ìbéèrè tán níbẹ̀. Oúnjẹ tó bá ti dé orí pẹpẹ ti di ọmọ òrukàn: ó ní iye owó, ó ní ọ̀rá tó ń dán, ó ní orúkọ tó dùn, kò ní bàbá, kò ní ìyá.

Tòlótòló ni olórí wọn. Láti ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó adìẹ àti tòlótòló dídì wọ Nàìjíríà, kí àwọn tó ń sin ẹran ọ̀sìn nílé lè rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu. Òfin náà ṣì wà. Tòlótòló náà wà. Ó wà nínú fíríìsà, ó wà lórí ìrẹsì ọjọ́ Kérésì, ó wà nínú ike oúnjẹ tí ọ̀gá tó ń mú òfin ṣẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Kò gba èbúté Apapa wọlé, torí pé ojú Apapa kò gbọdọ̀ rí i. A jẹ́ pé ńṣe ló fò wá, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn fún ẹran ọ̀sìn tó máa ń ṣòro fún láti fo ọgbà ilé.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé apá, itan àti iwe nìkan ló fò wá. Ó ní iwe, kò ní ìwé. Àyà rẹ̀ dà? Àyà rẹ̀ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó sìn ín lókè òkun, àwọn tó fẹ́ràn ẹran funfun ibẹ̀. Èyí tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ni wọ́n dì sínú páálí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Kútọnu. Ìlú Kútọnu ní tirẹ̀ kò rú òfin kankan: orílẹ̀-èdè Benin gbà kó wọlé, wọ́n sì gba owó ibodè lórí rẹ̀. Kìkì pé èyí tó ń wọ ibẹ̀ ti ju ohun tí ẹnu àwọn ará Benin lè jẹ tán lọ, gbogbo wa la sì mọ ẹnu tó ń bá wọn jẹ ìyókù. Àwọn onífàyàwọ́ á gbé e gba Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á gbé e gba Ìdí-Ìrókò, wọ́n á gbé e gba ọ̀nà igbó, nínú búùtù mọ́tò tí kò ní yìnyín. Á yọ́. Wọ́n á kó o sí fíríìsà, á dì. NEPA á mú iná lọ, á yọ́. Jẹnẹrétọ̀ á tàn, á tún dì. Kó tó dé ìdí ààrò yín, ó ti kú, ó ti jí, ó ti tún kú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì di ọwọ́n gógó. Àmọ́ ẹ sọ tòótọ́ fún mi: òde wo lẹ lọ ní Kérésì ọdún 2019 tí wọ́n ti ní kí ẹ máa lọ sílé torí pé kò sí tòlótòló?

Ẹ dán an wò ní súpámákẹ́ẹ̀tì.

“Ọmọ mi, níbo ni tòlótòló yìí ti wá?”

“Inú fíríìsà ni, sà.”

“Kó tó dé inú fíríìsà ńkọ́?”

“Ẹni tó máa ń gbé e wá fún wa ló gbé e wá, sà.”

“Níbo lòun ti rí i?”

“Há, Dádì! Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?”

Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi, wọn kò gbà á síṣẹ́ alárinà. Máníjà tó gbà á síṣẹ́ kò mọ̀. Ọ̀gá máníjà kò sì fẹ́ mọ̀, torí pé ẹni tó bá mọ̀ ti di ẹlẹ́rìí.

Àwọn mìíràn fẹ́ mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Ireland yẹ bọ́gà ẹran màlúù wò, wọ́n bá ẹṣin nínú rẹ̀. Ilé ìtajà Tesco, tó wà lára àwọn tó ń tà á, ra odindi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn láti fi tọrọ àforíjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹṣin mìíràn yọjú nínú lasáńyà, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí dé ilé ìpẹran ní Romania. Ẹran tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ti sè pọ̀ mọ́ wàràkàṣì! Tiwa yìí, apá rẹ̀ wà lódindi, ìyẹ́ díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ìlú tí wọ́n ti pa á.

Ẹja ní ìwé o, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Títúsì àti kóté ń gba èbúté wọlé tọ́wọ́tọ́wọ́, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá sì wà lára páálí wọn. Kí ni àwọn ìsọ̀ wa wá ń fi páálí náà ṣe? Wọ́n á fà á ya, wọ́n á da ẹja sínú fíríìsà, wọ́n á tẹ́ páálí sílẹ̀ kí omi má bàa yọ oníbàárà ṣubú. Àdírẹ́sì ẹja lẹ fi bàtà tẹ̀ wọlé yẹn.

Ti ẹ̀wà tún wá burú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ EU dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró. Oògùn apakòkòrò dichlorvos, irú èyí tó wà nínú Sniper, ló fà á. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù ẹ̀wà kan. Èyí tí wọ́n bá nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì gòkè dé 4.6. Ẹ̀wà tí kò lè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ kò gba ọ̀run lọ. Ó dúró tì wá nílé, a sì fi búrẹ́dì Agége gbé e mì, a tún ní kí wọ́n fi ata kún un. Ọdún 2019 ni NAFDAC ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà káàkiri ọjà.

Ìyá ẹlẹ́wà tó wà ní ọjà Boundary kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá ní, “Ìyá, kòkòrò wà nínú ẹ̀wà yìí,” èsì rẹ̀ á tètè dé: “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ dúpẹ́. Ká ní mo fi oògùn sí i ni, ṣé kòkòrò á máa rìn níbẹ̀?” Ẹ̀wà olówó ńlá ti súpámákẹ́ẹ̀tì kò ní kòkòrò, kò ní òkúta, kò sì ní ìtàn. Èwo nínú méjèèjì lẹ rò pé ẹnì kan ti bá yín tọ́ wò? Ìyá náà á sọ fún yín pé Mile 12 lòun ti rà á, á sọ ìlú tí ọkọ̀ ti gbé e wá. Ó lè pa irọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, ọlọ́jà ni. Ṣùgbọ́n bí inú bá run yín lálẹ́, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bá a láàárọ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ju gbogbo àkọlé aláràbarà lọ.

Àwa oníbàárà náà kò kúkú ṣòro tẹ́ lọ́rùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn aṣọ́bodè gba àpò ìrẹsì 102 ní Ìkẹjà, wọ́n ní ìrẹsì oníke ni. Ariwo ta, kálukú ń sọ ìrẹsì mọ́lẹ̀ nílé bí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. NAFDAC yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe ike rárá, kòkòrò àìfojúrí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkàn wa balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn náà ṣe tán.

Òfin wà o. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ àlàyé ọjà ní èdè tó yé e. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ náà ti ilẹ̀kùn súpámákẹ́ẹ̀tì Sahad ní Àbújá pa, torí pé iye tó wà lára pẹpẹ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń gbà níbi ìsanwó. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ní báyìí tí wọ́n ti mọ ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tún rìn díẹ̀ sí i dé ìdí fíríìsà. Kí wọ́n ní kí olúkúlùkù ilé ìtajà lẹ bébà kan mọ́ ọn: ibi tí ẹran ti wá, ẹni tó gbé e wá, ọjọ́ tó dé. Kò gba ju gọ́ọ̀mù àti bíírò lọ.

Ẹ̀yin ará Apapa àti Ajegunle, kí bébà náà tó dé, ẹ máa béèrè. Bí wọ́n bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ dá tòlótòló wọn padà sínú fíríìsà, kí ẹ sì mú owó yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè sọ ibi tó ti rí ọjà.