Aláàlà Wọ Ìsọ̀ Elépo

Ẹni tó wọ aṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Àwọn tó pa òwe yìí kò tíì rí mọ́tò bọ̀gìnnì nígbà náà, wọn ò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aláàlà yóò lọ kọ́lé sáàárín ọjà elépo, tí yóò wá máa bínú sí epo.

Ká má tan ara wa jẹ, ìsọ̀ elépo ni Ìbàdàn. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ pupa ni. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku tó gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó gba ìhà Chad kọjá, yóò bà lé gbogbo ohun tó ń dán láti Agbowó dé Challenge. Ní Dùgbẹ̀, nítòsí Cocoa House tí wọ́n kọ́ parí ní 1965, tákísí Máíkírà á fẹ̀gbẹ́ ra Máíkírà lára, àwọn awakọ̀ méjèèjì á bú ara wọn díẹ̀, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ̀ kalẹ̀ wo ọ̀dà. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tó ru pákó sórí kò ní ojú lẹ́yìn orí. Inú ìlú yìí gan-an ni ọ̀gá wa gbé G-Wagon dúdú wọ̀, tó ní ó gbọ́dọ̀ máa dán gbinrin lójú oòrùn ọ̀sán, lójoojúmọ́ ayé. (Àlà tiwa dúdú ni, ẹ má bínú. Ọ̀dà dúdú ló sì ń tú àṣírí jù.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa mọ́tò yẹn. Láti 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Graz, lórílẹ̀-èdè Austria. Mọ́tò inú igbó ni wọ́n dìídì ṣe é, kí sójà lè rí ohun gun kọjá nínú ẹrẹ̀ àti òkúta. Òkè kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Schöckl, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,445. Òkè yẹn ni wọ́n ti ń dán an wò, tí wọ́n ń fi òkúta gbò ó jìgìjìgì. Ohun tó gun Schöckl yìí ló dé òpópónà Awólọ́wọ̀ ní Bódìjà, tó rí adágún omi kékeré kan tí ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá, tí ọ̀gá sì pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà pé, “Dúró! Padà sẹ́yìn!”

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Ring Road àti New Bódìjà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí irú ọ̀gá báyìí sùn dáadáa. Dítélà ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ má pè wọ́n ní afọkọ̀, ìjà ni yóò dà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìfófó ọṣẹ bo mọ́tò kí erùpẹ̀ lè tú fúnra rẹ̀. Garawa méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Wọ́n á mú amọ̀ rírọ̀ kan, wọ́n á máa fi pa á lára títí tí ọ̀dà títì àti ìdọ̀tí irin tó lẹ̀ mọ́ ọn yóò fi kúrò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ olórí fóòmù yóò máa yí, pẹ̀lú kọ́mpáǹdì, bọ́nẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́, ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, iná líle lórí rẹ̀ bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ. Mọ́tò ńlá kan lè gbà wọ́n lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta. Owó rẹ̀ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó á fi gba yàrá.

Kí ló ṣe mọ́tò náà? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò dọ̀tí, kò kọlu nǹkan kan. Ọ̀gá ló jí lọ́jọ́ kan tó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án lára, tó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí po.

“Wò ó níbí yìí.”

Dẹ́rẹ́bà wò ó. “Ọ̀gá, mi ò rí nǹkan kan.”

“O ò lè rí i.”

Kí ẹ̀rọ tó kàn án, dítélà tó bá mọṣẹ́ yóò mú ìwọ̀n kékeré kan jáde, yóò máa fi kan mọ́tò lára káàkiri láti mọ bí ọ̀dà ṣe nípọn tó. Máíkírọ̀n ni wọ́n fi ń kà á, ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà. Mọ́tò tí wọn ò tíì tún kùn rí láti iléeṣẹ́, 100 sí 150 ló sábà máa ń jẹ́, láti ara irin dé òkè. Gbogbo ayé sì ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá pé fọ́ọ̀sì bọ́dì ni tòun, òkè òkun ló ti wá tààrà, kò sí pẹ́ńtà tó fọwọ́ kàn án rí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì: 118. Òrùlé: 121. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì: 940.

Dítélà náà wúkọ́. “Dádì, ilẹ̀kùn yìí... ó jọ pé wọ́n ti fi bọ́dì fíìlà rẹ́ ẹ rí o.”

“Ìwọ̀n yín ló bàjẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Dítélà fẹ́ gbowó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ojú tó rí ìlà tí kò tó fọ́nrán irun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ojú yẹn náà ni kò rí odindi ilẹ̀kùn tí wọ́n fi fíìlà mọ.

Ta ló wá ha mọ́tò náà? Ọ̀gá ti ní ìdáhùn tirẹ̀: àwọn ọlọ́kadà ni, àwọn ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà ni, àwọn ará Ìbàdàn tí kò mọ nǹkan ẹlẹ́gẹ́ ni. Dítélà mọ òótọ́ rẹ̀. Inú ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mègáàdì á da Omo sínú garawa kan ṣoṣo, á ti fóòmù tó ti já bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bọ̀ ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbo. Lásìkò ọyẹ́, kò tilẹ̀ ní lo omi. Àkísà gbígbẹ ló máa fi nù ún. Eruku ọyẹ́ yẹn ní hóró iyanrìn nínú tó le ju ọ̀dà mọ́tò lọ, àkísà náà sì ń fi í kọ̀wé róbótó róbótó sára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà lókè ní bákónì, ife tíì lọ́wọ́, ó ń pariwo pé, “Gbo ibẹ̀ dáadáa! Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!” Elépo jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsọ̀ rẹ̀, kò bá aláàlà fa nǹkan kan. Alágbàfọ̀ ló ya aṣọ, aláṣọ ló sì rán an níṣẹ́.

Ohun tó wá dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ìpele òkè pátápátá lára ọ̀dà mọ́tò òde òní ni àwọn pẹ́ńtà wa ń pè ní kílíà. Kò sábà ju bíi máíkírọ̀n 40 sí 50 lọ. Irun orí ẹlòmíràn nípọn jù ú lọ. Ẹ̀rọ dítélà kì í dí ìlà o. Bí káfíńtà ṣe ń fá pákó ló ń fá gbogbo àyíká ìlà náà wálẹ̀ títí tí ojú á fi dọ́gba. Ìyẹn ni pé ọ̀gá san owó ńlá kí wọ́n bá òun dín mọ́tò òun kù. Lọ́jọ́ kejì, mègáàdì gbé garawa rẹ̀ jáde.

Ọbàtálá tó ni àlà gan-an bọ́ sọ́wọ́ elépo rí. Ìtàn sọ pé ó ń lọ kí Ṣàngó l'Ọ́yọ̀ọ́, Ifá sì ní kó mú àlà mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kó má bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù pàdé rẹ̀, tó ní kó bá òun gbẹ́rù, tó da epo lé e lórí, tó da èédú, tó da àdín. Òrìṣà wẹ̀ lódò, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń lọ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò gbàgbé ìtàn náà. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń pọn omi fún un lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i pé aṣọ mẹ́ta ló mú dání. Kò mú ẹyọ kan tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì bò, tí wọ́n ní kò ní dọ̀tí fún ọdún márùn-ún. Sẹ̀rámíìkì tí àwọn dítélà ń fi bo ọ̀dà mọ́tò ń jẹ́ kí omi yọ̀ dànù, ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè ṣí. Ẹni tó bá sọ pé ọmọlánke kò lè ha á mọ́, ọjà ló ń tà.

Ọ̀gá ra sẹ̀rámíìkì náà. Láti ọjọ́ yẹn ni G-Wagon kò ti jáde mọ́, àfi tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí ibi tí wọ́n ń lọ bá ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tó jìn sí èèyàn. Ìnáwó tí a jọ lọ ní Challenge, ó gba ọmọ kan pé kó dúró ti mọ́tò náà, kó má fara kàn án, kó má sì sùn. Kòrólà ló wá ń gbé e kiri. Lọ́jọ́ tí Kòrólà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí òjò sì ṣú, ọ̀gá wọ gínnì funfun, ó bọ́ sí títì, ó wọ Máíkírà tó ń lọ sí Dùgbẹ̀. Wọ́n há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan. Ìdérí rẹ̀ kò le dáadáa.

Ìyá náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀gá ò dá a lóhùn, fóònù ló yọ, ó pe dítélà.

“Sẹ̀rámíìkì yẹn, ṣé ẹ lè fi bo aṣọ?”

“Ó ṣeé ṣe, Dádì. Ṣùgbọ́n a máa kọ́kọ́ wọn bó ṣe nípọn tó.”