Oríkì Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Abẹ́lẹ̀, Ọmọ Bàbá Mẹ́ta

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́lẹ̀, mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ìwọ tí o so ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan mọ́ òmíràn lábẹ́ New York, ọmọ bàbá mẹ́ta tí wọn kì í jẹun nínú àwo kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn bí ẹjọ́ ilẹ̀! Ọlọ́fẹ̀ẹ́ tí kì í fọwọ́ kan àpò èèyàn, orúnkún ló ti ń gba tirẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ọ́: ẹni tó bá ti sanwó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan á gba inú rẹ lọ wọ ọkọ̀ mìíràn, kò ní san kọ́bọ̀ kún un. Irọ́ kọ́. Àmọ́ gbèsè ni ọ́, olóyè, àwọn tó sì jẹ ọ́ kọ́ ló ń san ọ́. Jẹ́ kí n kì ọ́ dé orírun kí ẹnikẹ́ni tó bá mi jiyàn.

Bàbá rẹ àkọ́kọ́ ni IRT, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó gbé ọkọ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ ní 1904. Ìkejì ni BMT, ilé-iṣẹ́ aládàáni mìíràn, ọmọ Brooklyn. Ìkẹta ni IND, tí ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1932, òun sì ni orí ìjà. Kí John Hylan tó di méyọ̀ New York, awakọ̀ ojú irin ni ní Brooklyn, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìkùnsínú yẹn kò tán nínú rẹ̀. Ìgbà tó dórí àga, ojú irin tí yóò bá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni fà á ló fẹ́. Ní 1925, kó tó kúrò nípò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀nà ojú irin Eighth Avenue ti IND. Wọn kò kọ́ IND kó lè bá àwọn méjì yòókù pàdé. Kó lè gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn ni. Ta ló ń bá aládùúgbò jà tí yóò dá ilẹ̀kùn sára ògiri fún un? Ní 1940, ìlú ra àwọn méjèèjì, ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ṣùgbọ́n ihò IRT fún, ọkọ̀ àwọn yòókù fẹ̀ jù ú lọ, kò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kò lè bára wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ni wọ́n bá ní kí ẹsẹ̀ èrò lọ ṣe alárinà.

Láti 1904 ni owó ọkọ̀ ti wà ní sẹ́ǹtì 5. Ní oṣù Keje 1948 ó di sẹ́ǹtì 10, ìgbà náà gan-an ni wọ́n sì sọ ìpààrọ̀ ọkọ̀ di ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibùdó. Wọ́n gbá èrò létí, wọ́n wá fi ọ́ ṣe àdí tí wọ́n fi ra á. Ẹnìkan á ní ṣé kò sàn ju kí èèyàn sanwó lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ó sàn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ èrò kọ́ ló bí ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ láàbọ̀. Wo ibùdó Bleecker Street! Láti 1957, ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó Broadway-Lafayette tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè gba inú rẹ lọ wọ ọkọ̀ 6 tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ń lọ sí òkè ìlú ńkọ́? Ó di 2012, iṣẹ́ tó ná wọn ní mílíọ̀nù dọ́là 135. Fún ọdún 55, kábíyèsí, apá kan lo ní, o sì ń jẹ́ afárá.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ á ní ẹ̀bi àwọn baba ńlá ni, pé àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kàn jogún ìjà ni. Èmi náà ì bá gbà, bí kì í bá ṣe Lexington Avenue. Ní 1989, ọdún 49 lẹ́yìn tí ilé ti di ọ̀kan, wọ́n ṣí ibùdó tuntun kan sábẹ́ 63rd Street, ó jìn wọnú ilẹ̀ gan-an, ibùdó 59th Street sì wà nítòsí rẹ̀. Wọn kò gbẹ́ ọ sáàárín wọn. Káàdì ìsanwó ọkọ̀ ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ lẹ́yìn ọdún 2000: kí èrò gòkè wá sí ojú títì, kó fẹsẹ̀ rìn nínú òjò tàbí yìnyín, kó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé ó ti sanwó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláìlógiri, aláìlórùlé! Àní, oyè rẹ ni wọ́n fi títì jẹ. Bàbá mẹ́ta kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ó dá lẹ́bi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé owó kọnkéré máa ń wọ inú ìwé ìṣirò, ìṣẹ́jú tí èrò fi ń rìn kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá din owó kọnkéré kù, olùṣọ́ owó ìlú ni wọ́n ń pè é, bí gbogbo ẹsẹ̀ ìlú tilẹ̀ ń san ìyókù lójoojúmọ́.

Èyí tó gba adé nínú gbogbo yín ni èyí tó lọ láti Times Square dé Port Authority, láti Seventh Avenue dé Eighth. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní akéwì tirẹ̀. Láti 1991 ni iṣẹ́ Norman B. Colp, The Commuter's Lament, ti wà lára igi àjà rẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lórí igi kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè kà á tán láìrìn ín tán. Ẹkún òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ ni ewì náà, ní ìparí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé àwòrán bẹ́ẹ̀dì kọ́ sí, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò tó.