Oògùn Tí Ìyá Aládìrẹ Ò Tà

Ẹ sún mọ́bí. Ṣé ẹ mọ Ìyá Aládìrẹ tó wà ní yàrá ìkángun, èyí tó ní ìsọ̀ ní ọjà Ìtòkú? Ariwo tí ẹ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tirẹ̀ ni. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló lù ú. Ọkọ wo? Èyí tó ń sá fún àkùkọ bàbá onílé? 

Ímeèlì ni. Obìnrin náà jí, ó ṣí fóònù, ó bá lẹ́tà rẹpẹtẹ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń jẹ́ Mailer-Daemon, pé àwọn tó kọ̀wé sí ní Póláǹdì ò sí ní àdírẹ́sì yẹn. Ó ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni ní Póláǹdì! Ìyàwó bàbá onílé já fóònù gbà, ó ka lẹ́tà tí wọ́n dá padà sókè ketekete: oògùn ọkùnrin ni wọ́n ń polówó, orúkọ Ìyá Aládìrẹ ló sì wà lórí ẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìtòkú ti gbọ́ pé aṣọ kọ́ ló ń tà.

Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló gbà á sílẹ̀. Kò dá ìkankan lóhùn, kò tẹ líǹkì kankan. Ó ní àwọn oníjìbìtì míì máa ń ṣe ayédèrú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn lẹ́tà tó ti jáde nínú àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ àdìrẹ nìkan ló bá. Ó wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn tó padà, ó wo ibi tí wọ́n kọ Received sí, níbi tí orúkọ ẹ̀rọ tó gbé e wá máa ń wà. Ẹ̀rọ tí màmá ò gbúròó rí láyé ni! "Màmá, wọn ò wọlé yín. Orúkọ yín ni wọ́n kàn kọ sẹ́yìn àpòòwé." Ó ṣì ní kí wọ́n pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi ṣeé ṣe: nígbà tí Jon Postel kọ SMTP, òfin tí ímeèlì fi ń rìn, ní 1982, àwọn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò pọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi èèyàn pé ṣé orúkọ ẹ nìyẹn lóòótọ́. Ní 1997 irú ọ̀ràn yìí kan Joe Doll tó ni ìkànnì joes.com. Ó lé oníbàárà kan tó ń fi spam, lẹ́tà ìpolówó tẹ́nì kan ò béèrè, da ayé láàmú. Ìyẹn bínú, ó tún fi spam kárí ayé lórúkọ Joe. Èébú tí ọkùnrin yẹn jẹ! Wọ́n tilẹ̀ kọlu ìkànnì ẹ̀ títí tó fi dákú.

Tí ẹ bá bi mí, ẹjọ́ oníjìbìtì nìkan kọ́ o. Ẹ̀rọ tó gba lẹ́tà wọlé tán, tó wá rí i pé ẹni tí wọ́n ń wá ò sí nílé, tó wá lọ ń ju ẹrù náà lu aláìmọwọ́mẹsẹ̀, òun náà jẹ̀bi. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó ti kọ̀ ọ́.

Ọmọ màmá tó ṣe ìkànnì fún wọn náà ò gbìyànjú. SPF tó ń sọ àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti kọ̀wé lórúkọ ìsọ̀ ò sí. DKIM tó ń fọwọ́ sí lẹ́tà ò sí. DMARC tó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ayédèrú ṣe, òun náà ò sí. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ọmọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tò wọ́n sí i. Ó fi DMARC sórí quarantine ná, ìyẹn kí wọ́n ti ayédèrú sínú àpótí spam, kí lẹ́tà màmá gan-an má baà bá a lọ. Ó ní reject, ìyẹn kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá, ń bọ̀. Lẹ́tà tó ń padà yẹn ò dá lọ́jọ́ kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ló ń dínkù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ oògùn, kí ló kàn án kan DMARC? Lánàá, bàbá onílé gba ẹ̀yìn wọ ìsọ̀ màmá, wọ́n ra yáàdì márùn-ún tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, wọ́n wá rọra béèrè pé èló ni ìgò kan. Ẹ má ní èmi ni mo sọ o, ìyàwó wọn ló ń bọ̀ yẹn.