Bọ̀ọ̀dá Mo-Jẹ-Ẹ́-Ní-Lọ́ńdọ̀nù

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó rí i ní Ìkòyí-Ilé, nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá alámàlà, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí ọyẹ́ ibí yìí kò bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ̀. Kò lè jẹun níbì kan kó má ròyìn ibòmíràn tó ti jẹun. Wọn ò tíì bu gbẹ̀gìrì lé ewédú rẹ̀ tán tó fi yínmú.

"Màámi, ṣé ẹ fi irú sí i ni?"

"Irú wóró ni, ọkọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."

Ibẹ̀ ni ìtàn Shoreditch, ní Lọ́ńdọ̀nù, ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé oúnjẹ àwọn ará Bọ́mà ni, ti àwọn olówó. Iná ibẹ̀ kò tó kéèyàn rí inú àwo. Òkùnkùn tó ń torí rẹ̀ bú àwọn oníná nílé, owó ló fi rà á níbẹ̀. Ó ní ká má béèrè iye tó san. Ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ó sọ ọ́.

Mohinga ló jẹ. Bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ là ń tú u wò: ẹja àrọ̀ ni, wọ́n sè é pẹ̀lú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n dà á lé nùdù oníràìsì. Ewé tíì ló ń ta sánsán nínú rẹ̀, irú èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń bọ̀ fún ibà, tó kún ẹ̀yìnkùlé wọn fọ́fọ́. Ní Yangon, ní Bọ́mà gan-an, oúnjẹ àárọ̀ ẹ̀bá títì ni. Bọ̀ọ̀dá kì í sọ ìyẹn. Ó ní ata ibẹ̀ mú o! Ọmọ Èṣọ́ Ìkòyí ni, Èṣọ́ kì í sì í gbọfà lẹ́yìn: iwájú ni ata ti bá a, omijé ń dà, ó jẹ ẹ́ tán.

Èyí tó wá ga jù lójú rẹ̀ ni ngapi. Edé tàbí ẹja ni. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á sá a, wọ́n á gún un, wọ́n á dé e mọ́nú ìkòkò títí aládùúgbò yóò fi mọ̀ pé ó ti débẹ̀. Bọ̀ọ̀dá dijú: "Adùn tó jinlẹ̀ ni." Gbẹ̀gìrì ń tutù níwájú rẹ̀.

Bàbá kan láti orí bẹ́ǹṣì kejì dá sí i. "Bàbá tó bí mi jagun dé Bọ́mà."

"Ṣé wọ́n jẹ mohinga?"

"Bísíkíìtì ni, àti ẹran alágolo."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn sójà wa, àti ti Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, wà ní àfonífojì Kaladan, tí wọ́n ń fi orí ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sí wọn nínú igbó.

Bọ̀ọ̀dá mirí tàánú-tàánú. "Wọ́n pàdánù o, Bàbá."

Ilé oúnjẹ kan tún wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Ikoyi, tó ti gba ìràwọ̀ Michelin méjì. Ìkòyí ti Èkó ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá ti sọ fáwọn òyìnbó ibiṣẹ́ rẹ̀ pé ìlú òun ni. Ó kù díẹ̀ kó ní Oníkòyí ló ń gba owó ilé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń padà lọ, ó yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù. Irú ló wá rà, kóńgò méjì.

"Ṣé kò ní rùn nínú báàgì yín?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta dì í, Màámi. Àwọn òyìnbó kan ń bọ̀ wá jẹun nílé mi. Màá sọ fún wọn pé láti Bọ́mà ni."