Bọ̀dá Lóònù

Ẹ ti rí i rí. Bí ẹ bá ń gbé Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, tí ọjà kò jìnnà sílé yín, kò sí bí ẹ ò ṣe ní pàdé rẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù tó ti so táì mọ́rùn. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a máa funfun lọ́jọ́ Ajé, a sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Báàgì dúdú ń bẹ léjìká rẹ̀ tí ìwé kún bámúbámú. Ìtẹ̀lẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ tán lápá kan, nítorí ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kan ẹnikẹ́ni lọ́jà. Bọ̀dá Lóònù ni wọ́n ń pè é lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ jáde.

Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló kà gboyè ní yunifásítì. Ó mọ orúkọ ata rodo ní èdè Látìn. Ohun tó ń bá kiri lọ́wọ́ aláta rodo lónìí ni ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Báǹkì kékeré ló ń bá ṣiṣẹ́, irú èyí tí ìjọba ń pè ní maikirofáínáǹsì, tí àwọn ìyá ọjà ń pe owó rẹ̀ ní gbọ́múlélántà. Àwọn báǹkì ńláńlá wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wọn lára, ṣùgbọ́n wọn kì í yá aláta lówó. Aláta kò ní ìwé ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó oṣù rí láyé rẹ̀. Bọ̀dá Lóònù nìkan ló ń wá a dé ìdí àtẹ. Ká fún un ní ti ẹ̀.

Ẹ wò ó lọ́jọ́ tó bá ń wá ẹni tí yóò yáwó. Òun ló ń wá wọn o, kì í ṣe àwọn ló ń wá a. Báǹkì ti gbé iye tó gbọ́dọ̀ yá jáde lé e lórí kí oṣù tó parí, bí kò bá sì pé, ojú rẹ̀ ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ wò ní ìpàdé àárọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń dọ̀bálẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ọjà Bódìjà, tó ń bá wọn sọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì kalẹ̀ lórí ọkọ̀, tó sì mọ orúkọ ọmọ gbogbo wọn títí kan èyí tó wà nílé ìyá àgbà. "Màámi, ẹ kàn fọwọ́ síbí ni. Kò le rárá." Kò sì le lóòótọ́. Fọ́tò méjì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì (BVN), onídùúró kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, àti ohun ìní tí báǹkì lè gbẹ́sẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Firísà ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Firísà kan wà ládùúgbò wa tí báǹkì mẹ́ta ti kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ìwé. Ó ti pẹ́ tí firísà ọ̀hún ti tutù mọ. Aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ìyá aláta yá ₦200,000. Wọ́n yọ ₦20,000 sílẹ̀, wọ́n ní owó ìfipamọ́ rẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi san tán. Wọ́n yọ ₦4,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìbánigbófò. ₦176,000 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Yóò máa san ₦10,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, ìyẹn ₦240,000. Orí ₦200,000 tí kò fojú rí pé ni wọ́n ti ka èlé, èlé náà kì í sì í dín kù bó ti wù kó san tó. Bọ̀dá Lóònù kì í ṣe ìṣirò yìí lójú ẹni tó fẹ́ yáwó. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n o. A ló gbà nínú ìṣirò ní WAEC.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń yá wọn, kí ẹnì kan má baà sá. Bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ san, àwọn tó kù ni yóò dá a. Bangladesh ni ọgbọ́n yìí ti gbajúmọ̀, lọ́wọ́ Muhammad Yunus àti báǹkì Grameen tó dá sílẹ̀, òun pẹ̀lú báǹkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ẹ̀bùn ti àlàáfíà ni wọ́n fún wọn. Ó wù mí kí àwọn tó fún wọn lẹ́bùn yà sí ìpàdé àárọ̀ Ajé kan ní Ìbàdàn. Wọ́n á gbàdúrà tán, ti ìgbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, wọ́n á ka owó, yóò ku ₦10,000. Bọ̀dá Lóònù á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní ẹnikẹ́ni ò ní jáde àfi tó bá pé. Ìyá oníwàrà ní ọmọ òun ń lọ iléèwé. Ìyá aláṣọ ní òun kọ́ ló jẹ ẹ́. Ìyá alága ń pe fóònù ẹni tí kò wá, fóònù ń sọ pé ẹni tí ẹ ń pè ti pa fóònù rẹ̀. Kí wọ́n tó dá owó náà tán, ọ̀rẹ́ ogún ọdún ti bà jẹ́, ẹnì kan sì ti mẹ́nu kan ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní 2009.

Ẹni tí kò wá yẹn gan-an ló kàn.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, Bọ̀dá Lóònù yọ sí ìyá aláta. Ìyá ti rí táì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́pà, àyè àtisá kò sí mọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ káàbọ̀ o! Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ pè yín. Ẹ jókòó, ẹ jókòó." Ó fi ìdí ìró nu bẹ́ǹṣì, ó ra omi tútù fún un. Wọ́n ti kọ́ Bọ̀dá Lóònù níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó wá sin owó kì í gba omi lọ́wọ́ onígbèsè. Àmọ́ oòrùn mú. Ó mu ún.

"Màámi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé o."

"Ṣé mo ní n ò mọ̀ ni? Owó yín wà nílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló ní kí n bá òun fi dí nǹkan lánàá. Ẹ bá mi fojú sí ọjà, kí n sáré lọ gbà á wá. N ò ní pẹ́."

Ó lọ. Oníbàárà àkọ́kọ́ dé, ó bèèrè iye tí tàtàṣé jẹ́, Bọ̀dá Lóònù ní òun kọ́ ló ni ín. Ẹnìkejì dé, ó tún wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnìkẹta dé, ó ti bi alátẹ ẹ̀gbẹ́ léèrè iye tí wọ́n ń tà á. Nígbà tí aago méjìlá yóò fi lù, ó ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ti ju táì sẹ́yìn ọrùn, ó ń na ọjà: "Ẹ fi igba náírà lé e, màámi, kò gbà bẹ́ẹ̀." Ó tilẹ̀ ń fún wọn ní èènì. Ó ta ₦7,500. Ó wo owó ọ̀hún, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń tì í bọ àpò láti fi dín gbèsè kù, ni ìyá bá yọ.

"Olúwa á bù sí i fún yín! Ẹ kó o wá. Owó ẹni tó kó ata wá láti òkè Ọya ni, ó ń dúró dè mí lẹ́yìn ọjà." Ó ti gbà á. "Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lọ síbi ìsìnkú, ó dọ̀la." Ó bu ata àti tàtàṣé sínú ọ̀rá, ó dì í mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ gbé e fún ìyàwó wa." Bọ̀dá Lóònù dúpẹ́. Ó ti rìn díẹ̀ kí ìyá tó pè é padà. "₦1,500 ni o. Ẹ lè san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ pé oníbàárà ti ṣèlérí.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá máníjà á tò wọ́n dúró, á máa ka orúkọ. PAR ni wọ́n ń pe gbèsè tó ti lé lọ́jọ́, bó bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, owó oṣù Bọ̀dá Lóònù ló kù tí wọn yóò máa gé. "Lọ sùn sílé onígbèsè!" ni ọ̀gá ń sọ. Ọ̀gá kò mọ̀ pé àwọn baba wa ti ṣe èyí rí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ológò ni wọ́n máa ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Ológò á wọ agbo ilé, á bú tọmọdé tàgbà, á mú adìẹ tó bá wù ú, á pa á jẹ, gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́rùn onígbèsè. Àwọn òṣómàáló láti Ìjẹ̀ṣà náà, tí ń ta aṣọ láwìn kiri, á ṣó sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí o ó fi san án. Iṣẹ́ kan náà ni Bọ̀dá Lóònù ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní adìẹ. Bó bá ṣó sílẹ̀ pẹ́, wọ́n á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pé kó bá wọn dì í mú.

Ẹ má sọ pé kó pe ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ti là á kalẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn tìtorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Lóòótọ́, ìsípẹ́kítọ̀ kan wà tí kò tíì ka òfin náà dé ibẹ̀, àmọ́ bó bá gba ₦30,000 lọ́wọ́ onígbèsè, ₦10,000 ló ń dé báǹkì. Ẹ má sì sọ pé báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) ti wá nǹkan ṣe sí i. Ọdún 2020 yẹn náà ni wọ́n gbé ètò GSI jáde, pé báǹkì tó yáni lówó lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí BVN onígbèsè bá so mọ́. Ètò tó dára ni. Kí ó wá lọ bá ìyá aláta, kí ó fa owó yọ ní ìdí ìró.

Àwọn tí Bọ̀dá Lóònù ń jowú ni àwọn ayánilówó orí fóònù. Wọn kì í rìn nínú oòrùn. Wọ́n á fi fọ́tò onígbèsè ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, pé olè ni. Ìdí nìyẹn tí àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa. Lóṣù tí wọ́n gé owó rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ti yá ₦50,000, tó fi bá oníbàárà kan dí àlàfo kí PAR má baà wọlé. Fóònù rẹ̀ ti ń dún láti àárọ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé o. Wọ́n lọ síbi ìsìnkú."

Ẹnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ kì í jáde ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Àna ọ̀kan nínú àwọn olùdarí báǹkì ni. Mílíọ̀nù ni tirẹ̀, ó fi ra ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì máa ń dúró síwájú báǹkì lọ́jọ́ àjọ̀dún nígbà tó bá wá jẹ ìrẹsì. Kò sí ẹni tó sùn sílé rẹ̀ rí. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì maikirofáínáǹsì 224 ní 2010, tó tún gbà á lọ́wọ́ 132 ní 2023, mi ò tíì pàdé ẹni tó ní gbèsè ata ló pa wọ́n. Bọ̀dá Lóònù mọ̀. Ó dúró, ó na ṣóńṣó, ó ń gbọ́ ìbáwí nítorí ₦30,000.

Nígbà tí oṣù bá ku ọjọ́ méjì, ìwà ọ̀gá á yí padà. Orílé-iṣẹ́ fẹ́ wo ìwé, ìwé gbọ́dọ̀ mọ́. Ó pe Bọ̀dá Lóònù sí kọ̀rọ̀. "Ìyá aláta yẹn, tún un yá." Wọ́n á yá a ní owó tó ju ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n á fi san gbèsè àtijọ́, ìyá á rí díẹ̀ mú dání. Lórí kọ̀ǹpútà, kò jẹ báǹkì ní kọ́bọ̀ tó lé lọ́jọ́ mọ́. Ó ti di oníbàárà àtàtà.

Bọ̀dá Lóònù sáré padà sí Bódìjà, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó rò ó wò, ó gbà láti ràn án lọ́wọ́.

"Ẹyọ kan ló kù, màámi. Onídùúró yín àtijọ́ ò gbé fóònù wa mọ́. Ta ló máa dúró fún yín?"

"Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ fẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó ń gbélé gidi, tẹ́ ẹ mọ ilé ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìyàwó yín tó ń ránṣọ l'Ókè Àdó ńkọ́? Ṣebí ata ọwọ́ mi ló ń jẹ."

Kí aago mẹ́rin tó lù, ìyàwó Bọ̀dá Lóònù ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí àyè ohun ìní.