Ọdún Tí Mo Fẹ́ Di Gbajúmọ̀ Tipátipá

Lọ́dún 2023, ẹni tí kò bá fi odindi ọjọ́ mẹ́rin ṣe nǹkan kan ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ ò gbà á. Ẹnì kan ń dáná, ẹnì kan ń sunkún, ẹnì kan ń hun wíìgì, gbogbo wọn ló sì ní ìwé Guinness làwọn ń bá lọ. Èmi náà, tí wọ́n ń pè ní Fótò l'Ọ́wọ̀, tí wọn ò mọ̀ mọ́ nǹkan míì ju fọ́tò páásípọ́ọ̀tù àti fídíò ìsìnkú lọ, mo ní n ò ní gbẹ́yìn.

Ẹ má dá mi lẹ́bi ná. Bí ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ti tó ohun tó ń da orí èèyàn rú. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. A kó ti àtijọ́ lọ fún wọn, a ò rí tuntun gbà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, owó la ń fi ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS ní Ọjà Ọba. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé ká máa ná ti àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún, mo ti ya fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n fi iṣu àti àgbébọ̀ adìyẹ san owó ẹ̀. Adìyẹ náà ò pẹ́ kú. Ọ̀rọ̀ iṣu ń bọ̀ níwájú.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta yẹn ni Davido gbé àwo orin Timeless jáde, àwọn ọmọ Poli sì sọ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi di ibi ijó "Unavailable". Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Ọwọ́ lásán làwọn ọmọ náà ń jù. Èmi tí mo kọ́ ijó láyé Shina Peters, gbogbo ìdí ni mo fi sí i, ìdí náà ò sì tètè padà sáyè ẹ̀. Fídíò ọ̀hún wà lórí TikTok mi dòní. Àwọn ẹbí mi nìkan ló wò ó, àwọn náà ní ọwọ́ àwọn ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wá bà mí lórí jẹ́ pátápátá ni ti Hilda Baci, alásè. Lọ́jọ́ 11 oṣù karùn-ún, ọmọbìnrin náà dúró ti iná ní Lẹ́kí l'Ékòó, kò kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 15. Wákàtí 100 ló fi dáná, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Guinness ṣírò ẹ̀ tán lóṣù kẹfà, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kà fún un. Wọ́n ní ó ṣèèṣì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ìsinmi ẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gé bíi wákàtí méje dànù. Òfin wọn ni pé wákàtí kan tí o bá fi ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìsinmi tó tọ́ sí ọ. O lè kó o jọ kí o fi sùn díẹ̀. Síbẹ̀ náà, ó gba ipò lọ́wọ́ Lata Tondon, ará Íńdíà tó ti ṣe wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45. Kí ariwo ẹ̀ tó rọlẹ̀, Chef Dammy náà ti gbé ìkòkò kaná l'Ọ́yẹ̀-Èkìtì, ó ní wákàtí 120 lòun ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé Guinness kò kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Èkìtì kẹ̀! Mo ní kí ló wà l'Ékìtì tí kò sí lọ́dọ̀ wa? Kí là ń jẹ? Iyán. Ta ló ti gún iyán fún ọjọ́ mẹ́rin rí? Mi ò gbọ́ ọ rí. Ohun tó yẹ kí ẹni tórí ẹ̀ pé ṣe ni pé kó kọ̀wé sí àwọn Guinness, kó sì dúró, torí tí o kò bá san owó ìkánjú, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n tó dá ọ lóhùn. Mo ka ibẹ̀ dáadáa. Mo ní òyìnbó ti fẹ́ràn kó máa fa nǹkan nílẹ̀ jù, ká gún iyán ná, kí ìwé máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìfọ́n ni mo gbé e lọ, nítorí pé l'Ọ́wọ̀, wọ́n ti mọ̀ mí jù. Ìyá oníyán kan wà níbẹ̀ tí àwọn awakọ̀ tó ń lọ Benin máa ń yà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po, torí pé láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún tí ààrẹ tuntun ti ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù ti fò látorí nǹkan bí 190 náírà kọjá 500. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣépè títí a fi dé Ẹlẹ́gbẹ́ká, níbi tí oníkálukú ti panu mọ́ tó ń wo igbó, torí àwọn ajínigbé. A kọjá ibẹ̀ tán, èpè tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Mà."

"Fótò, káàbọ̀. Iyán ni àbí ẹ̀bà?"

"Mà, mo fẹ́ sọ yín di ìlúmọ̀ọ́ká."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé o ti jẹun ṣá?"

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, mo fi fídíò Hilda hàn án. Àwọn ìbéèrè tí ìyá náà bi mí, àwọn Guinness gan-an lè má bi èèyàn bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò jẹ iyán ọjọ́ mẹ́rin? Mo ní ará ìlú. Ọbẹ̀ ńkọ́? Mo ní Ọlọ́run á pèsè. Ta ni yóò san owó iṣu? Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ pé mò ń bọ̀, kí n bá ọ̀nà lọ. Mo ní àwọn onígbọ̀wọ́ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, pé tí wọn ò bá dé, kí ó kọ ọ́ sí mi lọ́rùn. Ó mú ìwé gbèsè jáde kí n tó gbẹ́nu dákẹ́.

Ọmọkùnrin gíga kan tó ń bá a gúnyán ló gbà láti ṣe é. Dátà ni àdéhùn wa, mo sì ra dátà fún un. A bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ni mo bá rí i pé àyè ò sí nínú mẹ́mọ́rì ẹ̀. Fídíò ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan láti Ìdóàní ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Mo dá ara mi lójú pé mo ti gbé ẹ̀dà ẹ̀ sí kọ̀ǹpútà nílé, mo pa á rẹ́. Mi ò tíì gbé ẹ̀dà kankan síbì kankan.

Òórùn iyán pe ìlú. Àwọn tí mo kọ orúkọ wọn pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí ni wọ́n jẹ́rìí sí. Bí abọ́ wọn ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ lọ. Aago ọwọ́ mi, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ, oorun sì ń ṣọ́ èmi. Nígbà tó di òru, gbogbo àdúgbò sùn, odó nìkan ló ń dún: gbì, gbì, gbì. Ní nǹkan bí aago méjì, bàbá kan yọ sí wa pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì àti àdá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Èèyàn ni yín ni, àbí iwin?"

"Èèyàn ni wá, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Èèyàn wo ní í gúnyán láago méjì òru? Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Mo ní kó súnmọ́ bí, kó gba tiẹ̀. Ó ní láéláé, òun ò ní jẹ oúnjẹ iwin, ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi wọlé. Mo gbọ́ tó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa.

Ọmọkùnrin náà ju ọmọ odó sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò dákú, kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ní, "Brọ̀dá Fótò, ẹ bá mi wá apá mi, mi ò mọ ibi tó wà mọ́." Mo sáré lọ wo kámẹ́rà, ó kéré tán, ká ní ẹ̀rí ohun tí a ṣe. Jẹnẹrétọ̀ ti kú láti ìrọ̀lẹ́ nítorí epo tí mo ń ṣọ́ ná, bátìrì sì ti tẹ̀lé e. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ tí mo dojú ẹ̀ kọ, pẹ̀lú òjìji ẹnì kan tó ń gbé nǹkan sókè sódò. Kò sí ẹni tó lè dá a mọ̀ pé iyán ni. Àwọn ọmọ olóòkú Ìdóàní ṣì ń pè mí.

Ó dà bíi pé àwọn Guinness gbọ́ òórùn ẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, torí nígbà tó di oṣù keje, àwọn fúnra wọn bọ́ sórí ayélujára, wọ́n ń bẹ̀ wá pé kó tó gẹ́ẹ́ wàyí. Kí ni wọn ì bá ti ṣe? Tembu Ebere sunkún títí ojú ẹ̀ fi fọ́ fún ìṣẹ́jú 45. Àwọn kan fẹ́ fẹnu kora wọn lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan ní Adó-Èkìtì, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin dè é, àwọn Guinness sì ní láti 2013 làwọn ti pa irú ìdíje yẹn rẹ́ nínú ìwé àwọn. Helen Williams nìkan ló fi ọgbọ́n ṣe tiẹ̀: wíìgì ọlọ́wọ́ tó hun gùn tó mítà 351.28, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Àní Hilda gan-an, kí ọdún tó parí, Alan Fisher, ará Ireland tó ń gbé ní Jàpáànù, ti gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57.

Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wa. MohBad olórin kú, ọmọ ọdún 27 péré. Àwọn ọmọ tó máa ń jó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi wá tẹ fọ́tò ẹ̀, wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọ́n mú àbẹ́là dání, mi ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun kan tí mo ṣe dáadáa lọ́dún náà nìyẹn, ẹ jẹ́ n tọ́jú ẹ̀ síbí.

Oṣù kẹsàn-án náà là ń ṣe ọdún Igogo l'Ọ́wọ̀. Ọjọ́ 17 gbáko ni, ní ìrántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n. Ìtàn ní obìnrin náà ní èèwọ̀: wọn kì í lọ ilá níwájú ẹ̀, wọn kì í da omi sí àgbàlá, ẹni tó ti oko dé kì í ju igi ìdáná sílẹ̀. Àwọn orogún ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀, ó bínú lọ. Wọ́n lé e, ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Òjá orí ẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ ní Igbó Lájà, ibẹ̀ náà ni Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn, ti hú àwọn ère amọ̀ tó lókìkí yẹn jáde ní 1971. Tí Igogo bá ti dé, a kì í lùlù, agogo la ń lù. A kì í yìnbọn. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ á dirun, á wọ ẹ̀wù iyùn, á sì jó jáde fáráyé rí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti sọ fún mi pé fídíò tí ọkùnrin bá ti múra bí obìnrin ló ń pa owó lórí TikTok, ọ̀rọ̀ yẹn sì lé gbogbo ohun tí mo mọ̀ jáde. Mo gbé ìró àti bùbá aṣọ-òkè ìyàwó mi wọ̀, mo wé gèlè ẹ̀ ní àwégọntíọ, mo tan sípíkà tí dùndún ń pariwo látinú ẹ̀, mo sì bọ́ sí títì ní Ìlórò, àdúgbò tí wọ́n ti mọ Igogo jù lọ.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ rí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́wọ̀ ò dé fìlà. Ìwọ wé gèlè?"

Kí n tó dáhùn, èrò ti pé. Ẹnì kan pa sípíkà, ẹlòmíì já gèlè. Bàbá kan ní ohun tó dun òun jù ni pé tó bá jẹ́ pé mo dirun ni, tí mo mú agogo dání, ẹnikẹ́ni ò bá tí bá mi wí, wọn ì bá tún ki mí káàbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìró, èyí tí wọn kò ṣe ìró fún, ó tú. Ọmọ Poli kan tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú ló ya gbogbo ẹ̀. Ó mọ́ kedere, kò gbọ̀n rárá.

Fídíò yẹn ló rìn. Ó dé Àkúrẹ́, ó dé Ìbàdàn, àbúrò mi rí i ní Peckham. Ìyá oníyán náà rí i n'Ífọ́n. Ó ti ń pè mí látìgbà iyán, èmi náà sì ń ṣe bí àkọlé orin Davido. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé e.

"Fótò, mo rí ẹ o. Ìró yẹn yẹ ẹ́."

"Ẹ ṣé, Mà."

"Ẹni tó lè ra aṣọ-òkè tó tó yẹn, ó lè san owó iṣu."

Mo ní kì í ṣe èmi ni mo ni ín, ti ìyàwó mi ni.

Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi.